Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń bọ́ọ̀nù DVD, àti ohun tí ojú mi ti rí lórí ẹ̀

Nígbà tí mo fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù tí màá fi máa ṣiṣẹ́ fídíò l'Ádó-Èkìtì níbí, ìbéèrè méjì péré ni mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á: RAM ẹ̀ mélòó, ṣé i7 ni, ìyẹn irú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó yára? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni bọ̀dá, i7 ni, RAM ẹ̀ 8GB, SSD ló wà nínú ẹ̀, ẹ wo bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Mo gbé e, ó fúyẹ́, ó ń dán, mo sanwó, mo gbé e lọ sílé ní Ajílòsún. Ọjọ́ kejì mo mú pléètì jáde pé kí n kọ fídíò ìgbéyàwó kan sí i, mo yí láptọ́ọ̀pù yẹn síwá, mo yí i sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí pléètì ń gbà wọlé. Kò ní in rárá.

Ọmọ yẹn ò parọ́ fún mi o, èmi ni mi ò béèrè. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ra láptọ́ọ̀pù fún irú iṣẹ́ yìí ló sì ń rà á bí mo ṣe rà á yẹn, wọ́n á máa wo bó ṣe ń yára, wọ́n á máa wo bó ṣe rí lójú, bẹ́ẹ̀ tó bá ti kan ká kọ nǹkan sínú pléètì tàbí ká kó èyí tó wà nínú ẹ̀ jáde, dráìfù, ìyẹn ibi tí pléètì ń gbà wọlé, ni gbogbo ẹ̀ dúró lé. Pléètì ò mọ̀ bóyá i7 ni tiyín àbí i3. Láptọ́ọ̀pù ọdún 2012 tí dráìfù ẹ̀ dá pé, iṣẹ́ tó máa ṣe fún yín lórí DVD, i7 tí ò ní dráìfù ò lè ṣe é.

Ẹ má sì sọ pé ayé DVD ti kọjá. Ní Èkìtì wa níbí? Ẹ wọ ilé ẹnikẹ́ni tó sin bàbá tàbí ìyá ẹ̀ láàárín bíi 2005 sí 2015, ní Ìkéré, ní Ìjerò, ní Ìkọ̀lé, ẹ ṣí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tí tẹlifíṣọ̀n wà lórí ẹ̀, ẹ máa bá pléètì níbẹ̀. Ìsìnkú, ìṣílé, oyè, ọdún Udíròkò, ọmọ tó jáde ní yunifásítì. Fídíò-man tó ya á lè ti kúrò nílùú, tàbí kó ti pa èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ rẹ́ tipẹ́tipẹ́, kó jẹ́ pé pléètì kan ṣoṣo yẹn ló kù láyé. Àwọn àgbà ṣì wà tó jẹ́ pé téèyàn bá fi fláàṣì fún wọn, wọ́n á ní kí ni kí àwọn fi ṣe, pléètì ni wọ́n fẹ́, wọ́n fẹ́ kì í bọ ẹ̀rọ kí wọ́n sì jókòó wò ó. Iṣẹ́ yẹn ṣì wà, a ṣì ń ṣe é.

Ká padà sórí i7 mi. Mo lọ ra dráìfù ìta, èyí tí wọ́n ń fi USB so mọ́ láptọ́ọ̀pù, mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo rà á, pléètì mẹ́ta ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ tẹ̀léra. Á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á máa yí, tó bá dé bíi ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, á dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, dráìfù á pòórá lójú Windows, á tún padà fara hàn fúnra ẹ̀. DVD-R tó bá sì ti gé láàárín báyẹn, ó ti lọ nìyẹn, ẹ ò lè tún un kọ, irú RW lẹ lè pa rẹ́ kẹ́ ẹ tún un lò. Mo ti ń bínú sí ẹni tó tà á fún mi, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìjìgbò wò ó, tó ní, "Àbúrò, iná ni ò ká a." Ó ṣàlàyé fún mi pé ihò USB 2.0, 0.5 amp ni iná tó yẹ kó máa fún nǹkan tó bá wà lára ẹ̀, 3.0 ń fúnni ní 0.9, nígbà tí léésà dráìfù bá sì ń kọ nǹkan, ó máa ń fẹ́ ju 0.5 yẹn lọ. Èmi wá lọ kì í bọ hub olówó pọ́ọ́kú kan, èyí tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀, tí máòsì àti fláàṣì ti wà lára ẹ̀, gbogbo wọn ń fa iná láti ihò kan ṣoṣo. Ó ní kí n kì í bọ ara láptọ́ọ̀pù tààrà, níbi tí inú ihò ẹ̀ jẹ́ búlúù, nítorí búlúù yẹn ló sábà máa ń jẹ́ 3.0, tí kò bá sì sí, kí n wá wáyà olórí méjì tó ń fa iná láti ihò méjì pọ̀. Láti ìgbà yẹn kò gé mọ́. Dráìfù yẹn wà lọ́wọ́ mi títí dòní.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ sí i, mo sì fẹ́ láptọ́ọ̀pù kejì tó máa jẹ́ ti pléètì nìkan, tókùnbọ̀ tó ní dráìfù nínú. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tókùnbọ̀, ẹ má fi ojú lásán gba dráìfù gbọ́. Ọ̀kan wà tí wọ́n gbé fún mi, mo rí ojú dráìfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, inú mi dùn, mo ń wá bọ́tìnnì tí mo máa tẹ̀, mi ò rí i. Mo fi èékánná fà á, odindi ẹ̀ yọ jáde. Ike lásán ni, ike tó ṣófo tí wọ́n fi dí ihò yẹn, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ bíi páálí ìṣáná. Ẹni tó ń tà á ní òun náà ò mọ̀, ó lè jẹ́ òótọ́ o, nítorí báyẹn ni wọ́n ṣe ń kó o wọlé nígbà míì, ẹni tó lò ó lókè òkun ti yọ dráìfù kúrò, tàbí kó ti fi hard disk kejì sí àyè ẹ̀. Èkejì tí mo wò, dráìfù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń yọ ó ń wọlé, ó ń ka pléètì, àmọ́ ó kàn ń kà ni, kò lè kọ. Ojú ẹ̀ lẹ ti máa mọ̀, tí wọ́n bá kọ DVD-ROM síbẹ̀, kíkà nìkan nìyẹn, RW tó jẹ́ ti DVD ni kẹ́ ẹ máa wá. Tí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá ti parẹ́, ẹ lọ sí Device Manager nínú Windows, ẹ wo orúkọ dráìfù yẹn, DVDRAM tàbí DVD±RW ló sábà máa ń wà nínú orúkọ èyí tó lè kọ.

Mo wá kó irinṣẹ́ ti ara mi dání nígbà tí mo lọ ṣọ́ọ̀bù kẹta. CD orin kan, DVD kan tí mo ti kọ nílé, DVD-R òfìfo kan, àti fláàṣì tí ImgBurn, ètò tí wọ́n fi ń kọ pléètì, wà lórí ẹ̀. Ìdí tí mo fi mú CD àti DVD méjèèjì dání ni pé léésà tó ń ka CD yàtọ̀ sí èyí tó ń ka DVD, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ wọn gan-an yàtọ̀, ọ̀kan lè kú kí èkejì ṣì máa ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá fi CD orin dán an wò fún yín tó sì kọrin, ẹ ò tíì rí nǹkan kan o. Mo ka méjèèjì, mo wá mú òfìfo yẹn, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ kún níbẹ̀. Ojú ẹni tó ń tà á yí padà, ó ní bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ sùn síbí ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ẹ má bínú, owó ni mo fẹ́ san yìí. Ogún ìṣẹ́jú ó lé ni mo fi jókòó síbẹ̀, mo kọ ọ́, mo jẹ́ kí ImgBurn ṣe Verify, ìyẹn ni pé kó padà ka gbogbo ohun tó kọ kó wò ó bóyá ó bára mu. Ó bára mu. Ìgbà yẹn ni mo tó mówó jáde.

ThinkPad T430 ni, ti 2012. Ohun tí mo fẹ́ràn lára ẹ̀ ni pé dráìfù ẹ̀ ń yọ wẹ́rẹ́ láìtú nǹkan kan, tó bá kú lọ́la mo lè wá òmíràn kì bọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ wọn bó ṣe nípọn tó kẹ́ ẹ tó ra òmíràn o, èyí tó nípọn 12.7mm wà, èyí tó jẹ́ 9.5mm náà wà, èyí tó nípọn ò lè wọ ihò èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Dell Latitude E6430 náà ń yọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọ̀yẹ́ ń lo ìyẹn.

Bátìrì ńkọ́? Ẹ má fojú kékeré wò ó. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe wá níbí. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tí iná bá lọ nígbà tó ń kọ pléètì, pléètì yẹn ti bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní láptọ́ọ̀pù ló dáa, bátìrì ẹ̀ ṣáà gbọ́dọ̀ lè gbé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ti tókùnbọ̀ sábà máa ń ti rẹ̀, ẹ yọ wáyà iná ẹ̀ níṣojú ẹni tó ń tà á, ẹ fi pléètì sí i kó máa yí, kẹ́ ẹ wo bí bátìrì ṣe ń sáré lọ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì pa sleep ẹ̀ kó má baà sùn lójijì.

Nǹkan kan tún wà tó ń da àwọn èèyàn láàmú, ìyẹn 4.7GB tí wọ́n kọ sára pléètì. Windows ò ní fi 4.7 hàn yín, bíi 4.37 ló máa sọ, kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ yín jẹ, bí ilé iṣẹ́ pléètì ṣe ń ka gígà yàtọ̀ sí bí Windows ṣe ń kà á ni. Torí náà tí Windows bá ní fáìlì yín jẹ́ 4.5, kò ní wọlé, ẹ wá DVD olójú méjì tó ń gba 8.5, tàbí kẹ́ ẹ dín in kù. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn olójú méjì yẹn ṣá, ó wọ́n, ẹ̀rọ àwọn ìyá wa míì ò sì gbà á. DVD-R ni mò ń lò dípò DVD+R nítorí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, 4x ni mo sì máa ń fi ìyára ẹ̀ sí tí mo bá ń kọ ọ́, bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ àwọn kọ́sítọ́mà tó ń dá pléètì padà pé ó ń dúró ti dín kù gan-an.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Ìyá kan wá bá mi láti Ìkéré, àgbà ìyá, wọ́n mú pléètì kan wá nínú nylon, wọ́n tún fi aṣọ ìborí wé nylon yẹn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi wò ó, ó ti ń dúró." Ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún ọkọ wọn ni, wọ́n ṣe é ní 2009, bàbá ti lọ báyìí. Orí wíńdò ni wọ́n máa ń gbé pléètì yẹn sí, kí wọ́n lè tètè rí i mú. Ẹ rí i, oòrùn ni ọ̀tá pléètì tí wọ́n kọ nílé. Irú èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá tẹ̀, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ike ẹ̀ lára ni, ṣùgbọ́n tiwa yìí, aró kan ló wà nínú ẹ̀ tí léésà ń jó, oòrùn àti ooru sì máa ń pa aró yẹn díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń pa àǹkárá tí wọ́n sá síta.

Mi ò fi pléètì yẹn sínú ẹ̀rọ láti wò ó. Ìyẹn ni mo máa ń sọ fún gbogbo èèyàn, tí pléètì bá ti ń ṣe àárẹ̀, ẹ má máa wò ó mọ́, ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ẹ̀ kọ ní odindi, ISO ni kẹ́ ẹ ṣe é, ìyẹn fáìlì kan ṣoṣo tó kó odindi pléètì. Mo rọra fi omi nù ún pẹ̀lú aṣọ rírọ̀, láti àárín bọ̀ sí etí, tààrà, mi ò yí ọwọ́ po, nítorí tí ẹ bá ha á yípo ẹ máa ha gbogbo ojú ọ̀nà tí léésà ń tọ̀. Mo kì í bọ T430, mo tan ImgBurn sí Read. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó dé bíi ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ó dúró. Dráìfù ń yí, ó ń rọlẹ̀, ó tún ń yí, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. Mo fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, kò kọjá ibẹ̀.

Mo wá tan Linux tó wà lórí láptọ́ọ̀pù yẹn, ìyẹn ètò míì tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, mo lo ddrescue, ètò tó ń kó nǹkan jáde nínú pléètì tó ti ń bàjẹ́. Ohun tó fi dáa ni pé kò ní jókòó síbi tó bàjẹ́, á fò ó, á kó gbogbo èyí tó dáa kọ́kọ́, á kọ ibi tó fò sínú fáìlì kékeré kan, lẹ́yìn náà á padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí T430 ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe, mo yọ pléètì, mo fi sínú dráìfù ìta, èyí tó ti ba pléètì mẹ́ta jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ níjọ́sí, mo ní kó máa bá ibi tí èkíní dúró sí lọ. Mi ò mọ ohun tó fà á, àmọ́ dráìfù méjì kì í sábà kùnà síbi kan náà, ohun tí ọ̀kan ò rí, èkejì rí i. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo jí, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù tí ò ṣeé kà.

Mo fẹ́ da ISO yẹn sórí fláàṣì kan fún wọn, Windows ní fáìlì ti tóbi jù, bẹ́ẹ̀ 16GB ni fláàṣì yẹn, òfìfo ni. Tó bá ṣe yín rí, FAT32 ni, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ṣètò inú fláàṣì yẹn, kò ń gba fáìlì kan tó bá tó 4GB, bó ti wù kí fláàṣì yẹn tóbi tó. Ẹ fọ́múátì ẹ̀ sí exFAT, á gbà á. Mo kọ DVD tuntun méjì fún wọn, mo fi HandBrake sọ ọ́ di MP4 fún fóònù àwọn ọmọ wọn, i7 mi ló ṣe ìyẹn, ibẹ̀ ni agbára ẹ̀ ti wúlò, ó parí kí n tó jẹ iyán ọ̀sán tán, T430 ì bá jókòó tì í pẹ́ gan-an. ISO yẹn sì wà lórí hard disk mi, ọ̀kan tún wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìlawẹ̀, mi ò kì í fi gbogbo ẹ̀ sílé kan ṣoṣo.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń bi mí nìyí, láptọ́ọ̀pù wo ni kí àwọn rà nígbà náà. Tó bá jẹ́ pé pléètì ilé yín mẹ́wàá, ogún, lẹ kàn fẹ́ kó pamọ́, ẹ má ra láptọ́ọ̀pù kankan, ẹ ra dráìfù ìta, kẹ́ ẹ kì í bọ èyí tẹ́ ẹ ní. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ni, ẹ ra èyí tó ní dráìfù nínú, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé Windows 11 ò gba ẹ̀rọ ọdún 2012 yẹn, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró láti October 14, 2025, ìdí nìyẹn tí T430 mi ò fi ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, pléètì nìkan ló ń ṣe. Láti Windows 8 sì ni Windows ò ti ní ohun tí wọ́n fi ń wo DVD nínú mọ́, tó bá ní òun ò lè ṣí i, ẹ má rò pé pléètì ló bàjẹ́, ẹ fi VLC sí i, ọ̀fẹ́ ni. Fíìmù tí wọ́n ń tà lọ́jà ni mi ò ń kọ fún ẹnikẹ́ni, bí wọ́n bá tilẹ̀ bẹ̀ mí, iṣẹ́ ẹlòmíì nìyẹn.

Ìyá wá gba pléètì wọn lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní kí wọ́n jókòó ká jọ wò ó kí wọ́n tó lọ. Ó dé ibi tí bàbá ti gba máíìkì, tí wọ́n ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ wọn ní Èkìtì ponbele, tí wọ́n ń pe ilé ní ulé, tí wọ́n ń pe igbá ní ugbá, ìyá ní àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó ò gbọ́ ọ tán mọ́, ohùn bàbá nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ. Ibẹ̀ gan-an ni pléètì àtijọ́ ti máa ń dúró. Àwòrán dúró bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì, ọwọ́ bàbá wà lókè, ó tún ń lọ. Ohùn wọn ò já. Ìyá ní kí n dá a padà díẹ̀, mo dá a padà, wọ́n tún gbọ́ ọ.